Ta Ló Máa Dáhùn? Ọ̀rọ̀ Lórí AI Nínú Iléèwé Ìjọba Wa

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti tíṣà sọ ní Múṣin lọ́jọ́ Sátidé nìyí. Ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́ látinú ohùn tí wọ́n ká sórí fóònù ti yọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Mo ní kó fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà.)

Ẹ káàsán o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àfaradà ooru. Alága PTA wa, ẹ̀yin prínsípà tí mo rí níwájú, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ sáré wá láti ọjà Ojúwoyè, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì láti Ládìípọ̀ tí ẹ ò ráyè bọ́ aṣọ iṣẹ́, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó sẹ́yìn torí wọ́n ní mítí páì máa wà, mo kí gbogbo yín. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, ẹ má dààmú, mo fi ọdún 31 kọ́ ọmọ ní èdè òyìnbó nínú iléèwé ìjọba ní Èkó yìí, ọmọ 80 nínú kíláàsì kan, kò sí máìkì, kò sí fáànù, ohùn yìí náà ni mo fi ṣe é.

Ìwé tí ẹ fi pè mí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí "pólísì AI fún iléèwé ìjọba". Ọmọ ọmọ mi ló bá mi kà á, ó ní, "Màmá àgbà, ṣé wọ́n fẹ́ kó ọlọ́pàá wá síléèwé wa ni?" Mo ní rárá o, pólísì tibí yìí, ìlànà ni, ohun tí gbogbo wa jọ fẹnu kò lé lórí. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé wọ́n ti bi àwa náà?" Mo dákẹ́. Ọmọ ọdún 14 ni o. Gbogbo wa la máa ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀, àmọ́ tó bá ti di òfin iléèwé, àgbà nìkan ló máa ń jókòó, ọmọdé á kàn jí lọ́jọ́ Mọ́ńdè á bá òfin lára ògiri.

Kí la tiẹ̀ ń pè ní AI yìí? Àwọn orí rédíò ń pè é ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. Àwọn ọmọ yín ń pè é ní "Chat". Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ mú fóònù yín jáde, ẹ ṣí WhatsApp. Ṣé ẹ rí òrùka róbótó aláwọ̀ búlúù kékeré yẹn? Òun nìyẹn. Kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́, ó ti wọ yàrá, ó ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Kì í ṣe èèyàn, kì í ṣe àǹjọ̀nú náà. Ẹ̀yin ará Ládìípọ̀, èyí máa yé yín dáadáa. Ọmọ iṣẹ́ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń polówó láti àárọ̀ títí di alẹ́, ó mọ bí wọ́n ṣe ń pe kọ́sítọ́mà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń búra pé bẹ́lì yìí, tòkunbọ̀ gidi ni. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ò sí nílé, ó lè polówó ọjà tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù rárá, ohùn rẹ̀ ò sì ní gbọ̀n. Bí AI ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ti kó ìwé rẹpẹtẹ fún un, ó mọ ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Tó bá bọ́ sí i, á bọ́ sí i gan-an. Tó bá ṣì í, ohùn kan náà ló máa fi ṣì í.

Tí ọmọ iṣẹ́ yẹn bá wá ta ayédèrú fún yín ńkọ́? Ṣé ọmọ yẹn lẹ máa bá jà? Rárá. Ẹ máa dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa ní, "Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí? Ta ló máa dáhùn?"

Ìbéèrè tí mo gbé wá síbí nìyẹn. Ta ló máa dáhùn? Mi ò ní òmíràn. Ìlànà yòówù kí ẹ kọ, tí kò bá ti lè dáhùn ìyẹn, bébà lásán ni, ẹ fi di àkàrà.

Ẹ má wulẹ̀ fòfin dè é

Ohun àkọ́kọ́ tí prínsípà máa ń fẹ́ ṣe ni pé kó kọ ọ́ sára ògiri: "A Ò FẸ́ AI." Ó dáa. Àwọn kan ti ṣe é rí. Ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ChatGPT, tí àwọn ọmọ ń pè ní "Chat" yẹn, jáde. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn alákòóso iléèwé ìjọba ìlú New York, tó jẹ́ pé kò sí ìlú kankan ní Amẹ́ríkà tí iléèwé ìjọba rẹ̀ pọ̀ tó tiwọn, ti dí i pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì iléèwé wọn. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí i padà. Ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ ló jáde sọ pé ìbẹ̀rù ló sún àwọn ṣe é. Oṣù mẹ́rin péré! Kí ló fà á? Torí íntánẹ́ẹ̀tì iléèwé nìkan ni wọ́n lè dí, ọmọ tó ní dátà nínú fóònù ara rẹ̀ ń lò ó lọ ní tiẹ̀, ọmọ tí kò ní ló fara gbá a. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Ní tiwa níbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ sọ òótọ́, ṣé àwọn ọmọ ò mú fóònù wá síléèwé ni? Mo ti bá fóònù nínú ìbọ̀sẹ̀, mo ti bá a nínú búrẹ́dì. Búrẹ́dì o! Wọ́n gé àárín rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ síbẹ̀ bí ẹyin díńdín. Àwọn ọmọ tó lè ronú irú èyí, ṣé bébà ara ògiri lẹ fẹ́ fi dá wọn dúró?

Àmọ́ ẹ má gbọ́ ọ pé mo ní kí ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní Benin, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó wa níbí, ní 2024. Báńkì Àgbáyé àti ìjọba ìpínlẹ̀ náà kó àwọn ọmọ SS1 jọ lẹ́yìn tí iléèwé bá ti parí, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ń fi Copilot, AI ti ilé iṣẹ́ Microsoft, kọ́ wọn ní èdè òyìnbó. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó wà nínú rẹ̀ fi nǹkan ju àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ dáadáa, ẹni tó bá sì wá déédéé ló jèrè jù. Àwọn ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ gan-an ló tún sáré jù. Kò jìnnà, kì í ṣe London, Benin ni, ibi tí ẹ máa ń wọ bọ́ọ̀sì gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ lọ.

Kí ló jẹ́ kó ṣiṣẹ́? Wọn ò kàn ju kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún ọmọ. Tíṣà wà níbẹ̀. Tíṣà ló ń mú kókó ọ̀rọ̀ wá, tíṣà ló ń sọ ohun tí wọ́n máa bi ẹ̀rọ, tíṣà ló ń ní kí wọ́n jókòó jíròrò lórí ohun tí ẹ̀rọ fún wọn. Ẹnì kan wà tó máa dáhùn.

Ìyá tó wà lẹ́yìn, mo ti rí ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ sí i ná.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, kì í ṣe ohun tí mo máa ń sọ ní gbangba. Ní 2023, ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, mo ní kí àwọn ọmọ SS3 lọ kọ àròkọ wá látilé lórí ọjọ́ tí wọn ò lè gbàgbé. Ẹ mọ àkọlé yẹn, gbogbo wa la kọ ọ́ rí. Ọmọbìnrin kan kọ tiẹ̀ wá, nípa òjò kan tó wọ́ igbá ata ìyá rẹ̀ lọ sínú gọ́tà, bó ṣe ń sá tẹ̀ lé tòmátò lójú àgbàrá. Bí mo ṣe ń kà á, inú mi ń dùn, lẹ́yìn náà inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Òyìnbó yẹn dùn jù. Mo wo ìwé, mo wo ọmọ náà, bàtà rẹ̀ ti lanu níwájú, mo wá sọ nínú ara mi pé ọmọ yìí kọ́ ló kọ ọ́.

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ nínú ara mi? Pé ọmọ tó wọ irú bàtà yìí ò lè kọ irú òyìnbó yìí. Èmi tí ìyá tèmi ń ta ẹ̀fọ́.

Mo gbé àròkọ yẹn sí ọ̀kan nínú àwọn wẹ́bùsáìtì tó máa ń sọ bóyá ẹ̀rọ ló kọ nǹkan. Ó ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Mo fún un ní òdo, mo ní kó lọ pe ìyá rẹ̀ wá. Ìyá dé, ó ṣì ń so ìborùn mọ́ ìdí, ata lọ́wọ́, kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tó ti kúnlẹ̀. Ọmọ yẹn ò sunkún. Ó kàn ní, "Mà, ẹ fún mi ní bébà."

Mo fún un. Ó jókòó sí yàrá àwọn tíṣà lójú gbogbo wa, láti ìgbà bíréèkì títí di aago ìparí, ó kọ òmíràn, nípa táńkì omi tó wà lẹ́yìn kíláàsì wọn. Ó dáa bíi ti àkọ́kọ́. Mo ń kà á lọ, mo rí "definately". Ẹ̀yin tíṣà òyìnbó, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Mo ṣí àkọ́kọ́ padà, "definately" wà níbẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ti wà níwájú mi láti ọjọ́ yẹn. Ẹ̀rọ wo ló ń ṣi "definitely" kọ? Ojú mi ò rí i torí mo ti dájọ́ tán kí n tó kà á.

Níbo ló ti gbọ́ òyìnbó? Àwọn ìwé àlòkù tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ ní Yábàá, ìyá rẹ̀ máa ń rà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan tó bá lọ rajà. Mo bẹ ọmọ náà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo bẹ ìyá náà. Àmọ́ ẹ̀yin ẹ mọ̀, ẹyin ni ọ̀rọ̀.

Mo wá lọ kà nípa àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí, ó pẹ́ jù, àmọ́ mo kà á. OpenAI tó ṣe ChatGPT fúnra wọn ṣe irú rẹ̀ kan jáde ní oṣù kìíní 2023, nígbà tó di oṣù keje ọdún kan náà wọ́n kó o kúrò nílẹ̀ torí kì í sábà gbà á. Ẹni tó bí ọmọ ò mọ ohùn ọmọ rẹ̀! Ní Yunifásítì Stanford, lọ́dún yẹn náà, wọ́n kó àròkọ 91 tí àwọn tí òyìnbó kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò èdè òyìnbó tí wọ́n ń pè ní TOEFL, wọ́n gbé e fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méje. Ó ju ìdajì lọ nínú àròkọ yẹn tí wọ́n ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Èèyàn ló kọ gbogbo rẹ̀ o. Àwọn tí òyìnbó kì í ṣe èdè ìyá wọn, ta nìyẹn? Àwa nìyẹn. Àwọn ọmọ Múṣin nìyẹn.

Ẹ ò sì tíì gbàgbé ariwo tó ṣẹlẹ̀ lórí Twitter ní oṣù kẹrin 2024. Olówó oníṣòwò kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, Paul Graham, sọ pé wọ́n kọ lẹ́tà kan sí òun, ọ̀rọ̀ òyìnbó náà "delve", ìyẹn kéèyàn walẹ̀ jìn, wà nínú rẹ̀, òun sì kà á sí àmì pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Haà! Àwọn ọmọ Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ lódidi. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní "delve" láti ìgbà tí wọ́n ti ń lo ṣọ́ọ̀kì!

Torí náà èyí tí mo máa fẹ́ kí ẹ kọ sínú ìwé yín, kí ẹ fi gègé pupa kọ ọ́: wọn ò gbọdọ̀ tìtorí ohun tí ẹ̀rọ sọ nìkan fìyà jẹ ọmọ kankan. Tí tíṣà bá fura, kó pe ọmọ, kó jókòó tì í, kó bi í léèrè ohun tó kọ. "Kí lo ní lọ́kàn níbí? Kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí? Tún ìpínrọ̀ yìí sọ fún mi ní Yorùbá." Ọmọ tó kọ ọ́ máa sọ̀rọ̀ títí ẹ máa ní kó dákẹ́. Ọmọ tí kò kọ ọ́ máa wo òrùlé. Ẹ ti ní, "Mà, ọmọ 80 ńkọ́?" Mo mọ̀. Ẹ mú mẹ́wàá lọ́sẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó kàn. Ìbẹ̀rù pé ó lè kan òun ló máa jẹ́ kí ìyókù kàwé.

Ògiri tó lanu

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ sílẹ̀ ná, ká bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ibẹ̀. Asáínmẹ́ǹtì tí à ń fún ọmọ, ó ti lanu tipẹ́ kí AI tó dé. "Kọ ìtumọ̀ òṣèlú, kí o sì dárúkọ oríṣi rẹ̀ márùn-ún." Kí ẹ tó mọ AI, ṣé àwọn ọmọ ò máa ń dà á kọ látinú ìwé ẹ̀gbọ́n wọn ni? Ìwé ẹ̀gbọ́n náà, ó dà á kọ lára ẹlòmíì. Ẹ̀rọ kàn jẹ́ kó yá ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ Yorùbá ní JSS2 sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n lọ mú oríkì ìdílé wọn wá. Ọmọkùnrin kan lọ bi fóònù. Fóònù to oríkì rẹpẹtẹ jọ fún un, ó kún ojú ìwé méjì. Ó gbé e lọ síwájú ìyá bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ dán ẹnu òun wò. Ìyá ń gbọ́, ó ń mirí. Ọmọ ní wọ́n jẹ́ ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí tí kì í gbọfà lẹ́yìn. Ìyá ṣíjú wò ó. Ọmọ tún ré kọjá, ó dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó di ọmọ Ọbòkun. Ìyá ní, "Dúró. Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?" Ó ní, "Fóònù ni, Màmá." Ìyá ní, "Fóònù! Àwa Òpómúléró, ọmọ aláṣọ! Ìgbà wo la lọ ogun, tí mi ò mọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn ò fi mọ sí ẹ̀rín. Ó ní kí wọ́n tẹ WhatsApp fún òun kí òun sọ ọ́ sínú rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko ló fi ki ìdílé wọn, ó ń ki í, ó ń sunkún díẹ̀, torí ó ní ìgbà tí bàbá òun kú ni òun ti kì í gbẹ̀yìn. Ọmọ mú un wá sí kíláàsì. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ò tíì rí JSS2 kó dákẹ́ báyẹn rí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olúkúlùkù lọ ń pe ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìjẹ̀bú, ní Ìláròó. Ọmọ Íbò kan wà níbẹ̀, bàbá rẹ̀ bá a pe bàbá àgbà ní Nnewi, ó mú tiwọn wá pẹ̀lú ìtumọ̀. Ọ̀rẹ́ mi wá ní kí ọmọ àkọ́kọ́ yẹn gbé èyí tí fóònù kọ jáde, kí gbogbo kíláàsì jọ wá ibi tó ti parọ́. Wọ́n lo AI, àbí wọn ò lò ó? Wọ́n lò ó dáadáa. Wọ́n fi ṣe ẹni tí wọ́n ń yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

Ìdí tí ẹ̀rọ fi ṣì í ò ṣòro. Ohun tí wọ́n bá kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló rí kà. Èyí tó wà lẹ́nu ìyá yẹn, ta ló kọ ọ́ síbẹ̀? Òyìnbó ló pọ̀ níbẹ̀, Yorùbá kéré, Yorùbá tó ní àmì ohùn tún kéré sí i. Ẹ ní kó ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀ fún yín, kí ẹ wo bó ṣe máa fi ìyàwó fún ọkọ̀ akérò.

Tí ẹ bá ń kọ ìlànà, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí asáínmẹ́ǹtì. Kí tíṣà kọ ọ́ sórí ìbéèrè náà gan-an bóyá ọmọ lè lo AI fún èyí tàbí kò lè lò ó. Tó bá lè lò ó, kí ọmọ kọ ohun tó bi í àti ohun tó yí padà. Èyí tí a fẹ́ kó wá látorí ara rẹ̀ nìkan, kó ṣe é ní kíláàsì, pẹ̀lú bébà àti bírò. Kò gba owó.

Ẹ̀yin tíṣà, ó kan yín o

Ẹ má rẹ́rìn-ín ẹ̀yin òbí, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Wọ́n fi lẹ́sìnnóòtì kan hàn mí, ti Prámárì 4, lórí ojú ọjọ́. Tíṣà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún wa, pé tó bá ti di oṣù kejìlá, yìnyín máa bo ilẹ̀. Ní Èkó! Ṣé ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wa ti kó lọ ni? Ẹ ò ráyè kà á, ẹ kàn dà á kọ. Ẹ̀yin náà lẹ máa wá na ọmọ tó da tiẹ̀ kọ. Mi ò ní kí ẹ má lò ó o, mo mọ bí lẹ́sìnnóòtì ṣe ń pa èèyàn lóru, àwọn tíṣà prámárì wa sì ti ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì EKOEXCEL ti ìjọba Èkó kọ́ ọmọ láti 2020, ẹ̀rọ ò ṣàjèjì sí wa. Mo ní tí orúkọ yín bá wà lórí ìwé, ẹ̀yin lẹ máa dáhùn fún yìnyín tó wà nínú rẹ̀.

Èyí tó burú jù tún ń bọ̀. Tíṣà kan, nítorí ó fẹ́ kọ kọ́mẹ́ǹtì sí káàdì àwọn ọmọ, ya fọ́tò régístà, orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, nọ́ńbà òbí, máàkì, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú AI. Kò ní èrò búburú kankan lọ́kàn. Àmọ́ ọmọ ta ló kó lọ síbẹ̀? Ọmọ yín. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ó wà nínú òfin yẹn pé ohun tó bá jẹ́ ti ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ló yẹ kó fàyè sí i. Ta ló bi yín? Ta ló máa dáhùn tí nọ́ńbà yín bá bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀?

Fọ́tò àwọn ọmọbìnrin náà ńkọ́? Ní ìlú Almendralejo ní Sípéènì, ní 2023, àwọn ọmọkùnrin fi AI bọ́ aṣọ lára fọ́tò àwọn ọmọbìnrin iléèwé, wọ́n ń pín in kiri lórí fóònù. Ọmọ iléèwé bí tiyín ni wọ́n. Ìlànà tó ń sọ nípa asáínmẹ́ǹtì nìkan, tí kò sọ ẹni tí ọmọbìnrin máa sáré lọ bá lọ́jọ́ tírú èyí bá ṣẹlẹ̀, kò tíì dé ibì kan. Ẹ kọ orúkọ ẹni náà síbẹ̀. Orúkọ, kì í ṣe "ọ́físì tó bá yẹ".

Máàkì náà ńkọ́, ṣé ká gbé e fún ẹ̀rọ? Ní 2020 tí kòrónà ò jẹ́ kí ọmọ ṣèdánwò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ìṣirò kọ̀ǹpútà fún wọn ní máàkì. Kì í ṣe irú ChatGPT o, àmọ́ ẹ gbọ́. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá máàkì náà ló lọ sílẹ̀ ju èyí tí tíṣà wọn fún wọn lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé tálákà fara gbá a torí ìṣirò náà ń wo bí iléèwé wọn ṣe ṣe sí láwọn ọdún tó kọjá. Àwọn ọmọ wọ́de síta, láàárín ọjọ́ mélòó kan ìjọba kó o padà. Wọ́n wá ẹni tó máa dáhùn, olúkúlùkù ń nawọ́ sí kọ̀ǹpútà.

Fóònù kan nínú ilé

Ẹ̀yin òbí, ó kàn yín. Ẹ nawọ́ sókè, ilé tó jẹ́ fóònù kan ṣoṣo ló lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó. Ó ju ìdajì lọ. Fóònù yẹn, ọjà ló ń bá ìyá lọ láàárọ̀, alẹ́ ló ń wọlé, ó ti kú, iná ò sí. Dátà ńkọ́? Ní oṣù kìíní 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdajì lé owó wọn, ẹ̀yin ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Tíṣà tó bá wá ní kí ọmọ lọ fi AI ṣe asáínmẹ́ǹtì nílé, ó ti fún ọmọ ọlọ́kọ̀ ní máàkì, ó ti gba ti ọmọ aláta. Ohunkóhun tí ọmọ bá máa fi AI ṣe, kó jẹ́ pé iléèwé ló ti máa ṣe é, pẹ̀lú ẹ̀rọ iléèwé, kí tíṣà wà níbẹ̀. Tí iléèwé ò bá ní ẹ̀rọ, kò pọn dandan. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, sọ ní 2023 pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 13, kó má dá lo irú ẹ̀rọ yìí ní kíláàsì. OpenAI fúnra wọn ní ọmọ tó wà láàárín ọdún 13 sí 18 gbọ́dọ̀ gbàyè lọ́dọ̀ òbí. Ọmọ JSS1 wa, ọdún mélòó ni? 10, 11. Mélòó nínú yín ló mọ̀ pé ọmọ òun ti parọ́ ọjọ́ orí kó tó wọlé síbẹ̀? Ẹ má bú wọn. Ẹ̀yin náà parọ́ ọjọ́ orí nígbà tí ẹ fẹ́ wọ iléèwé, wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ kọjá orí di etí, ẹ tẹ orí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè kan etí.

Ojú ìwé kan

Ìwé tí mo ń wá lọ́wọ́ yín, kó má ju ojú ìwé kan lọ, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá àti òyìnbó, kí ìyá aláta lè gbọ́ tí wọ́n bá kà á fún un. Ẹ má jókòó dúró de ìjọba Èkó ní Aláúsá, tí Aláúsá bá kọ tiẹ̀ wá lọ́la, àá so tiwa mọ́ ọn. Kí tíṣà méjì, òbí méjì, àti ọmọ méjì jókòó kọ ọ́. Ọmọ méjì o, mi ò ṣàwàdà, ọmọ ọmọ mi ń gbọ́. Ẹ kọ èyí tí ọmọ lè lò ó fún àti èyí tí kò lè lò ó fún, ẹ kọ pé ọmọ máa fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó kọ, ẹ kọ pé orúkọ ọmọ ò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ, ẹ kọ ẹni tí wọ́n máa lọ bá tí nǹkan bá bàjẹ́. Lẹ́yìn táàmù kan, ẹ tún un wò, torí ẹ̀rọ tí mò ń sọ yìí, ó lè ti yí padà kí mítí páì yẹn tó tutù.

Mo ti sọ tèmi. Akọ̀wé, ẹ gbé máìkì lọ sẹ́yìn fún ìyá oníbùbá àwọ̀ ewé yẹn, wọ́n ti ń nawọ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní Benin. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa wí.